Ìyá Wúyẹ́ Bọ́ Sórí Ìtàgé

Ẹni tó bá ní òun ò mọ Ìyá Wúyẹ́ kò jẹ̀bi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé ìtàgé wa, lórí àpótí kékeré kan báyìí, tòun ti ìwé eré àti pẹ́ńsùlù. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, òun ló máa ń sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́, tí àwọn òǹwòran ò ní gbọ́. Iṣẹ́ yẹn ló fún un lórúkọ. Ìgbà tó bá sì ṣe é dáadáa jù lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan ṣe nǹkan kan.

Èmi ni mò ń fa okùn aṣọ ìkélé. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín àpótí rẹ̀ àti okùn mi, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ mi ní ìtàn yìí. Ó ṣojú mi kòró.

Ìwé rẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ rí. Gbogbo ibi tí òṣèré ti gbọ́dọ̀ dákẹ́ ló kọ iye sí. Tó bá kọ márùn-ún, á kà á sínú dé márùn-ún. Tí òṣèré ò bá tíì lanu, á jẹ́ pé ó ti gbàgbé nìyẹn, á sì sọ ọ́ fún un. Kì í rò ó mọ́, ẹnu rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ì bá ti tẹ́ tipẹ́ tí kì í bá ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn, kì í jẹ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, kò sì wọ ilé eré wa rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Kí ni mo fẹ́ wá wò, Màmá? Ẹ̀yìn aṣọ?" Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dùn ún. Ó dùn ún. Ó sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo tó kù tóun ń fẹ́ láyé ni kí ọmọ òun jókòó sí ìlà iwájú, kó rí òun lábẹ́ iná ìtàgé.

Ọjọ́ náà dé. Eré kan tó máa ń pa èèyàn lẹ́kún la fẹ́ ṣe nírọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, obìnrin tó ń ṣe ìyá nínú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn. Olùdarí eré ń lọ, ó ń bọ̀. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀? Gbogbo wa kọjú sí àpótí. Ìyá Wúyẹ́ dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó ní òun ti ṣetán. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ní òun ń bọ̀.

Inú bí òṣèré wa kan tá à ń pè ní Gbajúmọ̀. Òun ló ń ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ọmọ tó ti ojú ogun dé. Kò sí eré kan tí obìnrin yìí ò yọ ọ́ nínú ìtìjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ní òun ò lè bá aláàpótí ṣeré. Iwájú dígí tó ti ń kun ojú ló ti sọ fún mi pé, "Níbi tó kọ márùn-ún sí yẹn, ogún ni màá kà. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Ní agogo márùn-ún mo fa aṣọ. Obìnrin yẹn mọ eré ṣe. Ohùn rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Mo rí àwọn tó ń nu ojú. Ó wá kan ibi tí ìyá ti bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?" Ọmọ á dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn pé, "Èmi ọmọ yín ni."

Gbajúmọ̀ dákẹ́. Mò ń kà á. Bó ṣe pé márùn-ún, Ìyá Wúyẹ́ yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní, "Èmi ọmọ yín ni."

Wúyẹ́ náà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó dé ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rín bẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbajúmọ̀ ò sì lanu síbẹ̀, ó kàn ń wò ó. Nígbà tó tún pé márùn-ún, ẹnu obìnrin náà tún sáré ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ó tún sọ ọ́.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ìyá Wúyẹ́ wojú mi, ó wá wo okùn. Ó mọ̀ pé tí mo bá fà á, aṣọ á bo òun. Olùdarí na ìka méjì sí mi láti òdìkejì pé kí n dúró. Inú rẹ̀ ń dùn, ó pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín báyìí ní gbọ̀ngàn wa. Okùn wà lọ́wọ́ mi, mo sì dúró.

Mo wo ìlà iwájú. Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ṣe eré náà parí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ wá bá a lẹ́yìn ìtàgé, ó dì mọ́ ọn. "Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó báyìí. Ẹ ò sọ fún mi pé eré ẹ̀fẹ̀ ni."

Ìyá Wúyẹ́ gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "Ẹ̀fẹ̀ ni," ó ní. "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an. Màá kó àwọn ọ̀rẹ́ mi wá lọ́la."

Olùdarí gbọ́ ọ. "Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, Màmá."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí i pé ó dàárọ̀. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé rẹ̀ wà lórí àpótí. Ó ti pa márùn-ún rẹ́, ó kọ ogún. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìyá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. Nísàlẹ̀, ó kọ tèmi: "Ẹni tó ń fa okùn, kó má fà á."