Fíìmù Tí Mo Tún Ṣe Láìbéèrè

"Dèjì, ta ló ní kí o tún un ṣe?"

Bí Àǹtí Kẹ́mi ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Festac lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, wọn ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni wọ́n ní ilé-ìwé aládàáni kan lọ́nà Raji Rasaki. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gbé fíìmù kan wá nínú fláàṣì, pé kí n yí i padà kí ó lè ṣiṣẹ́ lára tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gé fídíò: ìsìnkú, ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí. Ohun tí Bọ̀dá Ràfíù, ọ̀gá mi, kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé tí kámẹ́rà bá hàn nínú dígí, gé e. Tí èèyàn bá tẹjú mọ́ kámẹ́rà, gé e. Tí ẹ̀yìn bá ṣáájú iwájú, tò ó padà. Gbogbo àbùkù yìí ló wà nínú fíìmù Àǹtí. Òpin ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ dá ìjà dúró, ó kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?" Àánú Àǹtí ṣe mí. Mo gé e, mo tò ó, n ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ nínú fláàṣì kí àyè lè gba tuntun, Àǹtí sì wá gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ohun tí o gé yẹn gan-an ni ìdánwò àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Wọ́n ní póòsìmọ́dàn ni wọ́n ń pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀: ó mọ̀ pé fíìmù lòun, kò sì fi pamọ́. Àwọn ọmọ ní láti tọ́ka sí ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ibòmíì tí Àǹtí ti lè rí òmíràn gbà. "Kí ni kí wọ́n wá tọ́ka sí báyìí? Afẹ́fẹ́?"

Orí kọ̀ǹpútà wa nìkan ni ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ kù sí. Àràárọ̀ Sátidé ni Bọ̀dá Ràfíù máa ń nu gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti nù ún?"

"Iná wo ni mo fẹ́ fi nù ún? Ṣé o rí iná látàárọ̀ ni?"

Láti àárọ̀ ni Bọ̀dá ti ń ṣépè fún àwọn oníná. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àwọn oníná náà. Mo sáré ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo tan kọ̀ǹpútà. Fíìmù náà wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, láti òpin rẹ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀. Mo yí i padà bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo sì fi fláàṣì tèmi gbé e fún Àǹtí.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Òun ni ò jẹ́ kí n tíì lù ọ́."

Nígbà tí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Túsídè, ẹ̀rín ni wọ́n bá wọlé. Gbogbo ọmọ ló yege. "Tìẹ ni mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n," ni wọ́n wí. "Ọmọ kan ní, 'Mà, fíìmù yìí ò mọ̀ pé a wà níbí.' Mo ní ó gbà á!"

Ìgbà yẹn ni mo tó mí kanlẹ̀. Báyìí, kí n tó fọwọ́ kan fídíò ẹnikẹ́ni, màá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣẹ́kù síbẹ̀. Bọ̀dá Ràfíù ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mò ń sùn dáadáa.