Ojú Ìwé Kejì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí kò ka ìwé kan rárá, ẹ wá ẹni tó ń pariwo pé òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá irú wọn jókòó fún ọdún méjì gbáko nígbà tí mò ń ṣe Másítáàsì, mo sì mọ ohun tí mò ń wí.

Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgándò. Ìparí ọ̀sẹ̀ la máa ń gba ẹ̀kọ́ náà, torí gbogbo wa la níṣẹ́ lọ́wọ́. Kíláàsì wa kún fún èèyàn pàtàkì: ọ̀gá báńkì, díákónì, ìyàwó pásítọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí ìgbéga. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wá gbà, ìwé kíkà ni wọ́n bá pàdé, ó sì dùn wọ́n gan-an.

Ààrẹ kíláàsì wa ló le jù nínú wọn. Kóòtù ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú àpò kan tí ìwé kún débi pé èjìká rẹ̀ kan ti wálẹ̀ ju èkejì lọ. Bí kíláàsì bá parí, a ó lọ pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, á sì máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kàwé kíákíá. Ó ní ká ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká fi máákà yẹ́lò kun ibi tó bá ṣe pàtàkì. Lójú tiwọn, kò sí ibi tí kò ṣe pàtàkì. Ìwé wọn pọ́n látòkè délẹ̀ bíi gààrì elépo. Lẹ́yìn náà, wọn á pín orí ìwé láàárín ara wọn, kálukú á kó sámárì tirẹ̀ sórí Wasáàpù, gbogbo wọn á sì ní àwọn ti ka odidi ìwé. Ká tó túká, a ó gbọ́wọ́ lé ìwé, a ó bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí ìrántí. Mo ń ṣe àmín o. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn kò kà, kí ni Ọlọ́run fẹ́ rán an létí nínú rẹ̀?

Èmi kì í yára. Ìyá Ìgbín ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, wọn ò sì mọ̀ pé mo gbọ́. Bí mo bá ka ojú ìwé kan tán, màá dojú rẹ̀ délẹ̀, màá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún màmá mi lédè Yorùbá. Ọ̀dọ̀ mi ní Barúwà ni màmá mi ń gbé. Bí mi ò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá kó yé e, mi ò tíì kà á, bó ti wù kí gírámà rẹ̀ dùn lẹ́nu mi tó. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá já gaara, ohun kan ṣoṣo ni yóò sọ: "Ó fò." Màá sì padà lọ tún un kà.

Ní sáà tó kẹ́yìn, ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní ìwé kan ṣoṣo lòun máa fi dán wa wò, lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà kó mi láyà sókè. Àìsàn ti mú mi fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ sílé.

A kì í ra ìwé nílé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbé ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ onífótókọ́pì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á lọ da tirẹ̀ kọ lára rẹ̀, ọdún lọ, ọdún bọ̀. Ààrẹ lọ da tiwa kọ, ó pín in. Mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ni mò ń máàkì. Kí n tó ṣí i, àwọn èèyàn mi ti kùn ún tán ní yẹ́lò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, màmá mi ń lọ sùtánà funfun rẹ̀ fún ìsìn ọjọ́ kejì. Mo ka ojú ìwé kan, mo sọ ọ́ fún un: ìjọba gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún abúlé kan, inú bí àwọn ará abúlé, wọ́n ní àwọn ò ní mu ún láéláé, wọ́n kó igi ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà ibẹ̀. Mo ṣí èyí tó tẹ̀lé e, mo sọ ọ́: wọ́n tò sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń kọrin.

Màmá mi gbé áyọ́ọ̀nù sókè. "Ó fò."

"Kò fò, Màámi. Bó ṣe wà níbí nìyẹn."

"Ẹni tó fi ẹ̀gún dí ọ̀nà ló tún wá ń kọrin níbẹ̀? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Lọ tún un kà jàre."

Mo tún un kà. Ìgbà náà ni ojú mi lọ sí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀: ọ̀kan, ẹ̀ta, àrùn-ún, èje. Ẹni tó da ìwé náà kọ kò yí ẹ̀yìn ewé kankan wò. Ìdajì ìwé ni gbogbo wa gbé kiri.

Nígbà tí a tún pàdé ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sọ fún wọn. Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ máa ń kàwé bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ìwé ọ̀mọ̀wé kì í la gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre. Èèyàn á lóye ni."

"Sà, kò sí ojú ìwé kejì. Ẹ wò ó. Kò sí ìkẹrin."

Gbogbo wọn ṣí tiwọn. Ìyàwó pásítọ̀ ń yẹ tirẹ̀ wò, tó ti kùn dé ìparí. Mo rí ìtìjú lójú rẹ̀, mo sì rí bó ṣe lé e lọ.

"Ṣebí Prọ́ọ̀fù fúnra ẹ̀ ló gbé e sílẹ̀, àbí?" ló wí. "Ohun tí wọ́n fún wa la kà. A ti kà á lẹ́ẹ̀mejì ṣá."

Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Inú bí mi débi pé mo rìn kọjá ibùdó kẹ̀kẹ́ láìmọ̀.

Ojúlówó ìwé náà wà ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́, wọn kì í jẹ́ kó jáde. Mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ títí mo fi ka gbogbo ohun tó sọnù, tí mo sì da wọ́n kọ. Lójú ìwé kejì, àwọn obìnrin abúlé ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ ibojì ni wọ́n gbẹ́ omi sí. Ìjọba gbé ẹ̀rọ náà lọ sídìí ọjà, ìjà sì parí. Mo sọ ọ́ fún màmá mi. "Ẹn-ẹ́n," ó ní, "ó ti délẹ̀ wàyí."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn tó ṣáájú mi jáde tayọ̀tayọ̀: gbogbo wọn ló ní àwọn dáhùn pé ìjọba la àwọn ará abúlé lọ́yẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n sì mi orí sí i. Ó kàn mí. Ó bi mí ní ohun tó yí àwọn èèyàn náà lọ́kàn padà, mo sọ ti ibojì fún un.

Ó lejú mọ́ mi. "Níbo lẹ ti rí ìyẹn, mà?"

"Lójú ìwé kejì, sà."

Ó fi itọ́ ra ìka, ó ṣí ẹ̀dà tirẹ̀, fótókọ́pì bíi tiwa. Ọ̀kan. Ẹ̀ta. Ó padà sí ọ̀kan, ó fi èékánná ya ewé náà bóyá méjì ló lẹ̀ pọ̀. Ó ti fi ìwé yìí kọ́ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú mi kò dùn rárá, ẹ̀rù ló bà mí, torí ẹni tó fi ihò aṣọ ọ̀gá han ọ̀gá kì í sábà gbọ́pẹ́. Mo fa ojú ìwé kejì yọ nínú báàgì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ má bínú, sà," ni mo ń wí, bí ẹni pé èmi ni mo fà á ya. Ó kà á, ó sì fi í sábẹ́ fáìlì.

"Ẹ lè máa lọ."

Nígbà tí èsì jáde, Ààrẹ ló gba máàkì tó ga jù lọ, ìyàwó pásítọ̀ tẹ̀lé e. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo gba ọ̀dọ̀ onífótókọ́pì kọjá. Ẹ̀dà ọ̀jọ̀gbọ́n ti padà sórí káńtà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kíláàsì tuntun sì ti tò sídìí rẹ̀.

Mo délé, mo jókòó ti màmá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe máa ń sọ ọ́: àwọn tí kò kà á gòkè, díẹ̀ ló sì kù kí èmi tí mo kà á jábọ́. Ó fetí sí i títí dé òpin.

"Ó fò," ó ní.

"Kò fò, Màámi. Ojú ìwé ẹ̀ pé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."