Òpó Tí A Hú Lọ́jọ́ Òmìnira

Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ, a ó sì pa ìwé dé. Lọ́dún yìí, nígbà tí mo dé orí ẹ̀kọ́ náà, mo ní kí wọ́n lọ ro oko ilé-ìwé. N kò lè purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Oko kòkó wa ló fà á. Inú igbó ìjọba ló wà, lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́ níbí. Oko náà ti wà kí òyìnbó tó sọ igbó yẹn di ti ìjọba, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ fún bàbá bàbá mi, wọ́n sì ri òpó símẹ́ńtì kúkurú mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lórí. Bí àdá rẹ bá ré kọjá òpó, ẹ̀ṣọ́ igbó á mú ọ. Bàbá bàbá mi kórìíra òpó wọ̀nyẹn débi pé kì í fara tì wọ́n bó bá rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí a gba òmìnira, tí ìlú ń jó, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sóko. Bàbá mi kéré nígbà náà. Òun ló ń lu agolo lẹ́yìn wọn. Wọ́n hú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n yí wọn sódò, wọ́n gbin pèrègún rọ́pò wọn, bí àwọn baba wa ṣe ń pààlà kí aláwọ̀ funfun tó dé. Ọ̀rọ̀ tí bàbá bàbá mi sọ lọ́jọ́ náà kò kúrò lẹ́nu bàbá mi:

"Ẹni tó pa ààlè ti re ulé rẹ̀. Kí ni ààlè tún ń ṣe lórí ulẹ̀ mi?"

Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín, a ó ní kó tún un sọ. Akọni ni bàbá bàbá mi lójú wa.

Lẹ́yìn ọdún tuntun tó kọjá yìí, àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi kòkó wa. Wọ́n ní ìjọba ti gbé igbó fún ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Bàbá mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kò ní oko mìíràn, ibẹ̀ ló sì ń jí lọ láti ìgbà tó ti mọ àdá á dì mú.

Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba ní Adó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn, bó ṣe lanu báyìí ni mo mọ̀ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó fa àga fún un. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

"Bàbá, oko tó bá ní òpó, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ó ní. "Àmọ́ àwọn tó wọn ilẹ̀ kò rí òpó kankan. Ìwé tó yẹ ká fi wò ó, ikán ti jẹ ẹ́."

"Pèrègún wà níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yè."

"Pèrègún kì í ṣe ẹ̀rí níbí, bàbá."

"A hú òpó náà ni, ọmọ mi. Ọjọ́ òmìnira la hú u. Ti òyìnbó ni."

Ọmọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Òpó ìjọba ni. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí ẹ̀."

Inú bí mi sí ọmọkùnrin náà, inú bí mi sí bàbá bàbá mi tó ti kú, inú bí mi sí ara mi tí mo ń pàtẹ́wọ́ fún ìtàn yẹn láti kékeré. Ikán wa sì mọ ohun tó ń jẹ: ó jẹ ìwé tó gbè wá, kò fẹnu kan ìwé òfin tó lè gbé wa sọ sẹ́wọ̀n.

Lánàá, katapílà dé oko. Ìlà kòkó àkọ́kọ́ ti wó. Bàbá mi wọlé wá bá mi, ó fi bírò lé mi lọ́wọ́.

"Kọ ùwé kan fún mi."

"Sí ta ni, bàbá?"

"Sí òyìnbó. Àwọn kì í sọ ùwé nù. Wí fún wọn pé àwa la hú òpó, kí wọ́n má bínú. Kí wọ́n wá bá wa sọ fún àwọn ènìyàn wa pé oko wa ni."

Ó dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. N kò mọ ẹni tí n ó kọ ọ́ sí, n kò sì mọ ibi tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fa ìwé kan ya, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ òyìnbó.