Jẹ́ Kí Òjìji Wá Sọ́dọ̀ Rẹ

Bàbá àgbà mi kì í ṣàdédé jókòó. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á gbé àga rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Gàmbàrí, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, títí òjìji ilé yóò fi máa bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tí òjìji tirẹ̀ ń sá lọ níwájú rẹ̀, á ní kó dìde. Àwa ọmọ ilé máa ń fi rẹ́rìn-ín, a ní ogun ti yí bàbá lórí.

Ogun Bọ́mà ló lọ. Wọn ò gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó kan ló wà, tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n fò kọjá lórí ibi tí ọ̀tá wà, kí wọ́n ya ilẹ̀ ní fọ́tò. Bàbá àgbà wà lára àwọn tó ń fọ fọ́tò náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò, òun náà ló sì ń tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá tó ń kà á. Ó ní láti òkè, ilẹ̀ a máa purọ́. Bí òjìji inú fọ́tò bá ń sá fún ọ, kòtò á dà bí òkìtì, òkìtì á sì dà bí kòtò.

“Jẹ́ kí òjìji wá sọ́dọ̀ rẹ,” ló máa ń wí, “kí o tó gba ojú rẹ gbọ́.”

Nǹkan méjì ló mú bọ̀: awò kan tó ń mú nǹkan tóbi, àti fọ́tò abúlé kan. Àìmọye ìgbà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ fọ́tò náà síwájú mi lórí ẹní, tó bi mí pé kí ni mo rí. Mo máa ń ní ebè iṣu ni, poro mẹ́fà, lẹ́yìn àwọn ilé. Á ní, “Èmi náà, ebè ni mo rí.” Á wá kó fọ́tò rẹ̀, á lọ ṣe àlùwàlá. Lẹ́ẹ̀kan péré ló sọ fún mi pé wọ́n rán àwọn sójà wa lọ sí abúlé náà, àti pé ẹnì kankan ò padà. N kò bi í nídìí. Èmi rò pé ìdáhùn mi tọ̀nà ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, awò náà di tèmi. Bóyá òun ló tì mí dé ìdí iṣẹ́ máàpù ní ọ́fíìsì ilẹ̀, níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún yìí, àbúrò bàbá mi tí a ń pè ní Àlfáà fẹ́ kọ́ yàrá fún àwọn ọmọ kéwú ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Àwọn àgbà rántí pé kànga kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n fi pákó àti iyẹ̀pẹ̀ bò kí wọ́n tó bí mi. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Mo ní fọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n ya àdúgbò wa láti òfurufú, kí wọ́n tó bo kànga náà.

Mo gbé àga bàbá àgbà jáde nírọ̀lẹ́, mo gbé awò lé fọ́tò. Òkìtì kan wà lẹ́bàá igi ọsàn, kòtò kékeré kan wà nítòsí ògiri. Mo ní òkìtì yẹn, ẹrẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọ ilé ni. Kòtò yẹn ni kànga. Mo sọ fún Àlfáà pé kí ó fi ìpìlẹ̀ sí ìdí igi ọsàn.

“Ṣé ó dá ọ lójú?” ló bi mí. “Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jókòó síbẹ̀ o.”

Mo ní kí ó má dààmú, pé àtikékeré ni mo ti ń ka ilẹ̀. Ẹnu mi ò mọ níwọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ó wọlé lọ. Atẹ́gùn dá. Orí mi ṣàdédé wú, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn mi, tó ń retí kí n dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan. Ìgbà tí mo kọjú padà ni mo rí òjìji ara mi nílẹ̀, tó gùn gbọọrọ, tó ń sá lọ síwájú mi dé ìdí igi ọsàn.

Mo dìde. Mo yí àga, mo sì yí fọ́tò. Òkìtì náà rì lójú mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ fùfú. Létí rẹ̀ ni ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà: òjìji ẹnìkan tó dúró sétí kànga wa nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ń kọjá.

Ojú tì mí, àmọ́ mo lọ sọ fún Àlfáà pé mo ṣìnà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bíríkìlà gún irin mọ́lẹ̀ nídìí igi ọsàn. Ẹ̀ẹ̀kejì tó gún un, ilẹ̀ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ìró omi. Àlfáà jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó ń ṣe “Àlùhámúdùlílá” lábẹ́ ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ wá fọ́tò abúlé náà jáde. Bàbá tí kì í gbà kí òjìji ẹnikẹ́ni sá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ síwájú mi, ìdí nìyí tí n kò fi wo ibi tí òjìji inú rẹ̀ kọjú sí rí. Mo tẹ́ ẹ bí ó ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Ebè. Mo yí i.

Wọ́n rì lọ́kọ̀ọ̀kan, poro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kòtò ni gbogbo wọn, àmì funfun kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú ọ̀tá tó ba síbẹ̀, tó gbórí sókè, tó ń wo ọkọ̀ òfurufú.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òyìnbó tó ń ka fọ́tò yẹn ò mọ ebè iṣu. Bàbá àgbà, ọmọ àgbẹ̀ tó dúró tì í, ló bi, òun ló sì dáhùn pé ebè ni. Àánú bàbá àgbà ṣe mí tí mo fi sunkún. Gbogbo ìgbà tó ń bi mí pé kí ni mo rí, ó ń dúró kí n sọ pé ká yí fọ́tò náà.