Ohùn tí mo gbọ́ lórí igi máńgòrò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo ń tẹ èyí.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹyẹ kì í fa nǹkan tó jìnnà mọ́ra, àfi kéèyàn sún mọ́ wọn. Ni mo bá dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa ní Àgùdà láàárọ̀ yìí.

Ohùn ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ lókè: "Bọ́lá, ṣé o ti jẹun?"

Mo wòkè. Odídẹrẹ́ kan ló ń wò mí.

Mo sáré lọ pe Àǹtí Bọ́lá tá a jọ ń gbé ilé. Ìyá wọn kú lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni odídẹrẹ́ ìyá náà fò lọ.

Ẹyẹ yẹn tún un sọ. Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu.

"Ohùn Màámi nìyẹn!"

Wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Mo ti jẹun, mà."

Ẹyẹ náà ní, "O káre," ó sì fò lọ.

Ìrù pupa bàìbàì nìkan ni mo rí yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin odídẹrẹ́ rí, ṣé wọ́n máa ń dáhùn báyẹn?