Bàtà Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Télọ̀

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí owó oṣù kì í pẹ́ lọ́wọ́, líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa ni mo fi ń gbàgbé ìyà. Ṣùgbọ́n ní pápá ìṣeré kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn sójà yọ kòbókò sí èrò, gbogbo wa sì forí lé géètì kan ṣoṣo. Bàtà mi kan bọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ kí n tó jáde láàyè. Láti ọjọ́ náà, n kì í bọ́ bàtà níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ní Àgbádárìgì tí wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé, rédíò ni mo fi ń gbọ́ líìgì. Bátìrì wọ́n, a máa ń sá a sóòrùn kó lè tún jí. Gbogbo agbo ilé ló ń yí mi ká ní Sọ́ńdè.

Àfi ìgbà tí télọ̀ ilé wa, àgbà Ẹ̀gùn kan, ra tẹlifíṣọ̀n. Ó so áńténà mọ́ ọparun, ó yí i kúrò lápá Èkó, ó kọjú rẹ̀ sí Kùtọnu. Líìgì Faransé yọ! Kò pẹ́ tó fi ku èmi nìkan nídìí rédíò. Èmi náà wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, rédíò létí, bàtà lẹ́sẹ̀. Ó wù mí kí n wọlé, ẹ̀rù ni kò jẹ́.

"Akọ̀wé, bọ́ bàtà kí o wọlé!"

"Ibí tó mi, bàbá."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń bá wa ṣọ́lẹ̀kùn."

Sọ́ńdè kan, ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ilẹ̀ wa kan gba bọ́ọ̀lù. Ó gé ẹnì kan, ó gé èkejì. Gbogbo ilé dìde, wọ́n dí mi lójú.

"Bú!" ni asọ̀ròyìn Faransé kígbe.

"Ta ló ń bú?" ni ìyàwó télọ̀ bi ọkọ rẹ̀.

"Góòlù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Góòlù!"

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, àárín yàrá ni mo wà, mo di mọ́ télọ̀, èrò ń fò lọ́tùn-ún lósì mi. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, ayọ̀ ló ń lù ú.

"Akọ̀wé, bàtà rẹ dà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi, lásán ni. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ wọn. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà láàárín bàtà àwọn yòókù, rédíò mi jókòó lórí ọ̀kan, ó ń pariwo.

"Ta ló jẹ góòlù nínú rédíò lọ́hùn-ún?" ni télọ̀ bi mí.

"Ẹ bi bàtà," ni mo wí. "Òun ló ń gbọ́ ọ."