Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Kan Tó Ṣẹ́kù

Mo rántí ìgbà tí epo pẹtiróòlù wọ́n débi pé ọkọ̀ ń sùn lórí ìlà nílé epo bí ẹni tó wá ṣọ́ òkú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká láràárọ̀ láìmọ oṣù tí wọn yóò gba owó. Àkókò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wa ní Oǹdó rò pé ó yẹ ká máa lọ wo eré orí ìtàgé ní Àkúrẹ́. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rín ti tán nílé, a ń lọ wá a ní ìlú kejì ni.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, a óò háyà bọ́ọ̀sì kan. Ìyá Ẹgbẹ́, àgbà obìnrin tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: a kì í ka ènìyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó ní ẹni tí a bá nàka sí, tí a fi iye pè, ikú ti gbọ́ iye rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí eré bá parí, fìlà awakọ̀ la máa ń gbé káàkiri inú ọkọ̀, kálukú yóò sì ju ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà ya fún un lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn sínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì là ń kà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti pé, àwa náà ti pé. Èmi tí mo kàwé díẹ̀ máa ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ikú tó mọ ènìyàn kà kò wá mọ tíkẹ́ẹ̀tì kà ni. Ìyá Ẹgbẹ́ yóò wò mí títí, yóò ní, "Máa rín in lọ, aláwàdà."

Ẹni tó máa ń jókòó tì mí nínú gbọ̀ngàn ni Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò wọlé mọ́, ó wá ń gé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí méjì kó lè tọ́jọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ojú mi ló ti ń fi ọ̀bẹ kékeré gé e, tí mo sì ń sọ fún un pé ó ń pín ẹran Iléyá.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ìyá Ẹgbẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì kọ bó ti fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó dúró, ó wo ilẹ̀. Mo ní òkúta náà fẹ́ bá wa lọ wo eré ni. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, gbọ̀ngàn náà móoru, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì kí eré tó dé ìdajì. Àwọn òṣèré dúró gbagidi nínú òkùnkùn, à ń gbọ́ mímí wọn. Nígbà tí iná dé lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé òógùn bo Bàbá Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ pé òtútù ń mú òun. Ó fi ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Bá mi mú un dání, ọmọ mi, mo máa ń sọ nǹkan nù báyìí. Mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀."

Mo ní kó bá wa bu díẹ̀ bọ̀ nínú atẹ́gùn náà. Ó ti ń di ìjókòó mú lọ́kọ̀ọ̀kan jáde.

Eré parí, awakọ̀ ń kán wa lójú pé epo tó kù kò pọ̀. Mo ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, mò ń sín ọ̀kan nínú àwọn òṣèré jẹ, wọ́n ń rín àrínfẹ́ẹ̀kú. Ọkàn mi sọ pé Bàbá Tíṣà á ti wà níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Nígbà tí fìlà dé ọ̀dọ̀ mi, mo ju tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí i láìdá àwàdà mi dúró. Wọ́n kà á, ó pé. A gbéra.

A ti sún mọ́ Bọ́lọ́rundúró lójú ọ̀nà Oǹdó kí Ìyá Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó fi ewé pọ́n wá látilé. Ó pín in tán, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́, ó béèrè ẹni tí kò tíì gbà. Gbogbo wa gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ tiwa sókè kó rí i. Ẹnìkan ní bóyá ó pọ́n ọ̀kan lé ni.

"Mo mọ iye tí mo pọ́n," ni ó wí.

Awakọ̀ ní ṣebí tíkẹ́ẹ̀tì pé. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè wo àwọn ìjókòó iwájú, tí n kò sì rí Bàbá Tíṣà níbẹ̀. Mo ti mọ̀. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ wá wúwo bí ọlọ. Mò ń wá àwàdà tí n óò fi bo ọ̀rọ̀ náà kó má baà dún burúkú jù, n kò rí. A kọjá níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí, a kọjá afárá kan, a tún kọjá òmíràn. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ṣì wà lórí itan Ìyá Ẹgbẹ́.

"Ìyá, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo jù sínú fìlà. Ti Bàbá Tíṣà wà níbẹ̀."

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ó ní epo yìí lè gbé wa délé, àmọ́ kò lè gbé wa padà ká tún wá sílé. Ìyá Ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní kó yí ọkọ̀ padà, níbi tó bá kú sí, a óò fẹsẹ̀ rìn ín.

Ọkọ̀ náà kú bí a ṣe fojú kan àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Àkúrẹ́. Mo bẹ́ sórí ọ̀kadà. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí mo bá a lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fẹ̀yìn ti igi, ọlọ́dẹ ibẹ̀ ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Mo rí yín. Mo ń pè yín, ohùn ni kò jáde. Ò ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló ní iye tó ń bà jẹ́ lára. Àwọn tó kù ń wojú ara wọn. Èmi nìkan ni mo lè dáhùn, mo sì dáhùn, mo ka afárá méjèèjì tí a kọjá kí n tó sọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Tíṣà lo ọdún mẹ́ta sí i. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé sójú pátákó kò gbé ṣọ́ọ̀kì mọ́. Kò fìgbà kan bá mi wí. Bí mo bá lọ kí i, yóò ní kí n pa òun lẹ́rìn-ín, n óò sì ṣe é, ìdajì ojú rẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a tún jáde lọ wo eré, Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, tó ń fọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Títí di òní, bí mo bá wọ ọkọ̀, mo gbọ́dọ̀ ka àwọn tó wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ rí ètè mi tó ń mì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í ka ènìyàn o." Mo ní òótọ́ ló sọ. Ó ti dà mí rú, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.